Ṣẹ́ẹ̀tì Méje Bàbá Awọnlẹ̀

Ọwọ́òdilẹ̀ ti tú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tán kó tó rí aṣọ pélébé kan. Abẹ́ ọrùn ẹ̀wù ló wà, ní inú lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i àfi ẹni tó bá fẹ́ tú ẹ̀wù náà palẹ̀. Aṣọ funfun ni, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Wọ́n fi òwú pupa kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀ sápá kan bí ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó rán an ń gbọ̀n. Ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó kà á:

"Ẹni tó wọ ẹ̀wù yìí máa ń ṣìnà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá sí ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn ọgbà omi-ẹ̀rọ."

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì kún inú yàrá, síbẹ̀ ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kejì yọ nínú ìdì, ó yí ọrùn rẹ̀ síta. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Méjèèje ló yẹ̀ wò. Lára èyí tó kẹ́yìn, àwọn lẹ́tà náà ti wọ́ kọjá ara wọn, bí ẹni pé ẹni tó rán an kò ríran mọ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń wá ọ̀nà.

Ó jókòó, ó gbé àlùmọ́gàjí sórí itan. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ọgbà omi-ẹ̀rọ kò jìnnà sí ilé wọn. Bí ó bá dìde báyìí, tó ká ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tó kù pọ̀, tó sì rán kọ́là kan yẹn padà, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wù á ti délé olówó rẹ̀.

Kò dìde.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é ní Ọwọ́òdilẹ̀, nítorí láti kékeré, bí kò bá tú nǹkan, á máa so nǹkan pọ̀. Àwọn méjì péré ló ń gbé ilé náà, bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Alágbàfọ̀ ni ìyá yìí. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: tábìlì gígùn tó fi ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù méjì tó wúwo, garawa mẹ́rin, àti okùn tí wọ́n ta láti ògiri dé ògiri, tí aṣọ àwọn oníbàárà máa ń wà lórí rẹ̀ bí èrò tó tò sẹ́yìn ara wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo ọwọ́ ẹ̀wù á gbé sókè díẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Aṣọ tí olówó rẹ̀ kò bá wá gbà láàárín oṣù mẹ́fà, ó di ti ilé. Ìyá máa ń fún ọmọ rẹ̀ ní àwọn ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó ti gbó lọ́rùn nínú wọn. Ọmọ náà kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọjọ́ kan, ó tú ọwọ́ ẹ̀wù, ó yí ojú bọ́tìnnì sẹ́yìn, ó fi rọ́bà kó èjìká jọ, ó gé etí ọwọ́ ẹ̀wù fi ṣe ọ̀já ìbàdí. Bí ẹ̀wù tí ọkùnrin fi ń lọ síbi iṣẹ́ ṣe di búláòsì tí ọmọge ń wọ̀ jáde nìyẹn. Ìyá rẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. "Bí bàbá tó ni ín bá rí i báyìí," ló wí, "á kí i, kò ní mọ̀ pé ẹ̀wù òun ni."

Ilé ìwé gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ tí kíláàsì wọn máa ya fọ́tò ìdágbére, Ajíṣefínní pè é sẹ́yìn yàrá ìkàwé. Ajíṣefínní ni ọmọbìnrin tí gbogbo ojú ń wò. Irun tó bá dì lónìí, ìdajì kíláàsì á dì í lọ́la.

"Àwa márùn-ún la fẹ́ wọ irú kan náà," ló wí. "Funfun tó ní ìlà búlúù. Ìwọ náà lè wá nǹkan wọ̀ lára rẹ̀. Ṣé o lè ṣe é?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí ṣẹ́ẹ̀tì tó jọra tó bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé ìyá tèmi ni alágbàfọ̀? Tí o ò bá lè ṣe é, sọ, ká wá ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ní dúró tì wá nínú fọ́tò o."

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín, bú sẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dun Ọwọ́òdilẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Kò tíì dúró ti ẹnikẹ́ni nínú fọ́tò rí. Ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo lè ṣe é."

Ó mọ ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì méje wà, funfun, onílà búlúù, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n lọ́wọ́ olówó wọn. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Bàbá arúgbó kan ló kó wọn wá, ó mọ́ tónítóní, ó fi fìlà sí abíyá. Ó gbé ìdì náà sórí tábìlì, ó sì dúró bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n sọ fún òun ohun tó kàn.

"Orúkọ yín, sà? Kí n kọ ọ́ sí bébà."

Bàbá náà ronú. Ó ronú títí tí omi inú garawa fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Níkẹyìn ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kọ ọ́ pé èmi ni."

Ọwọ́òdilẹ̀ rò pé àwàdà àgbà ni. Ó kọ "Èmi" sí bébà, ó kọ ọjọ́ sí i, ó so ó mọ́ ìdì. Bí bàbá náà ṣe ń lọ, ó gbọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré nìyẹn, kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ó ya bébà náà, ó kọ òmíràn, ó fi oṣù márùn-ún kún ọjọ́ orí rẹ̀.

"Ṣé ìwọ̀nyí ti pé oṣù mẹ́fà?" ni ìyá rẹ̀ bi í lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìdì náà lọ́wọ́, ó ń wo bébà.

"Ó ti pé, Màmá."

"'Èmi.' Irú orúkọ wo nìyí?" Ìyá rẹ̀ mirí, ó gbé e fún un. Kò tún béèrè mọ́. Ọmọ rẹ̀ kò tíì parọ́ fún un nídìí iṣẹ́ rí.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dìde ní ọ̀sán ọjọ́ tó rí òwú pupa. Bó bá dá wọn padà, irọ́ á já. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀wù wọn, wọn ì bá ti wá. Ó fi bíléèdì tú aṣọ pélébé méjèèje kúrò, ó wé wọn sínú ìwé ìròyìn, ó sì jù wọ́n sínú iná pàǹtírí lẹ́yìnkùlé. Òwú pupa máa ń pẹ́ kó tó jó. Ó dúró tì í títí ó fi tán.

Ó gé márùn-ún fún àwọn ọmọge, ó sì so méjì tó kù pọ̀, ó fi rán gáùn fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára ju gbogbo èyí tó ti ṣe rí lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yé e: bó ti wù kó lọ ọwọ́ òsì wọn tó, á tún ká sókè níbi ìgbọ̀nwọ́, ní ojú ibi tí ẹnì kan ti ń ká a fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọjọ́ fọ́tò pé. Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ náà, kò sì tíì ká tán nígbà tí wọ́n tò síwájú ilé ìwé. Ajíṣefínní fa Ọwọ́òdilẹ̀ mọ́ra níwájú gbogbo ènìyàn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé iná pàǹtírí.

"Ẹ wojú mi," ni ayàwòrán wí. "Ìwọ tó wà lápá òsì, kí lò ń wò lẹ́yìn?"

Ẹlẹ́rìn-ín ni. Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà," ló wí. "Ó ń kà wá."

Gbogbo wọn yíjú padà. Bàbá arúgbó kan dúró sẹ́yìn wáyà ọgbà nínú kùrukùru, ó fi ọwọ́ kan di wáyà náà mú, ó ń fi ìka kejì tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n kàn ń rí ètè rẹ̀. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ìka náà wá dé ọ̀dọ̀ Ọwọ́òdilẹ̀, ó sì dúró.

Ẹ̀fà, ni ètè náà wí. Ìka kò kúrò lára rẹ̀. Èje.

"Kí ló dé tó fi kà ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?" ni Ajíṣefínní bi í.

"Mi ò mọ̀," ni Ọwọ́òdilẹ̀ fèsì. Òun nìkan ló mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àlàáfíà mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín wọ búláòsì tirẹ̀ lọ sí ilé àǹtí rẹ̀, ní ọ̀nà, ó gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn tó ń ka nǹkan: "Mẹ́tàlélógójì. Mẹ́rìnlélógójì. Márùndínláàádọ́ta." Bó bá yára, kíkà náà á yára. Bó bá dúró, á dúró. Ọmọ mìíràn nínú wọn gbé ojú sókè níwájú ilé wọn, ó rí bàbá náà lódìkejì títì, tó ń wo búláòsì tí wọ́n sá sórí okùn bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ti Ajíṣefínní ló le jù.

"Ó bá mi sọ̀rọ̀," ló wí fún wọn lẹ́yìn yàrá ìkàwé, ìbẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. "Ó ní, 'Jọ̀ọ́, má yára tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè bá ara mi mọ́.'"

Ẹlẹ́rìn-ín fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọwọ́òdilẹ̀.

"Ẹ̀wù òkú ni," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ọwọ́òdilẹ̀, ẹ̀wù òkú lo gé fún wa."

"Kì í ṣe ẹ̀wù òkú."

"Ti ta ni, nígbà náà?"

Ó la ẹnu. Ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé wà lórí ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀, wọ́n á sì mọ̀ pé ó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. "Wọn ò wá gbà á ni," ló wí. "Mi ò mọ olówó rẹ̀."

Kó tó di ọjọ́ kejì, búláòsì márààrún ti padà sẹ́nu ọ̀nà wọn nínú ọ̀rá dúdú. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í mọ́ ní kíláàsì. Ìbẹ̀rù ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi bò ó mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, nígbà tí ìyá rẹ̀ rán an lọ ra ọṣẹ, ó dìídì wọ gáùn náà, kí gbogbo àdúgbò lè rí i pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Kùrukùru tún wà nílẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ọ.

"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún."

Ó yíjú padà. Bàbá náà wà níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Bàtà rẹ̀ kò bára mu. Ẹ̀wù tuntun kan ló wọ̀, ó tóbi jù ú, ó sì ti ká ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè dé ìgbọ̀nwọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé."

"Ilé náà ni mò ń lọ," ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ ilé ìwé. "Èmi ni mo wà níwájú yẹn." Ó tọ́ka sí gáùn náà. "Mò ń tẹ̀lé ara mi. Bí mo bá ti délé, èmi náà á délé."

 Ọwọ́òdilẹ̀ ṣáájú, bàbá tẹ̀lé e. Wọ́n dé oríta. Ọ̀nà òsì ló lọ sí ọgbà omi-ẹ̀rọ. Bó bá kọrí síbẹ̀, kò ní rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí á fi rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ó kàn ní láti rìn ni. Bàbá náà á tẹ̀lé e wọlé bí àgùntàn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn, ojú onítọ̀hún á sì bọ́ sára gáùn náà.

Ó ya sí ọ̀tún, ó wọ ọgbà àwọn onígẹdú. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n to pákó jọ ní òkìtì-òkìtì, ọ̀nà tóóró sì wà láàárín wọn bí àdúgbò tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ó yí sápá ọ̀tún, ó yí sápá òsì, ó tún yí. Lẹ́yìn rẹ̀, kíkà náà ń bọ̀. "Igba ó lé mẹ́rin. Igba ó lé márùn-ún." Ó rí ihò kan lára ọgbà, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó bọ́ sí títì kejì. "Igba ó lé mẹ́fà," ni ohùn náà wí nínú lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí nǹkan wó, kò pọ̀, bí ìgbà tí pákó méjì bá yọ̀. Kò gbọ́ igba ó lé méje.

Ó dúró, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ra ọṣẹ, ó lọ sílé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, obìnrin arúgbó kan wọlé. Ó fi ọwọ́ kan ògiri kó tó rí tábìlì, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ìyá Ọwọ́òdilẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un.

"Ẹ má bínú, ìyá ọmọ," ni arúgbó náà wí. "Gbogbo alágbàfọ̀ ìlú yìí ni mò ń yà lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ mi kó àwọn ṣẹ́ẹ̀tì kan jáde nílé láìsọ fún mi, bí oṣù méjì sẹ́yìn, kò sì rántí ibi tó kó wọn lọ. Méje ni. Funfun, onílà búlúù."

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ Ọwọ́òdilẹ̀.

"Awọnlẹ̀ ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́," ni arúgbó náà ń bá a lọ. "Kò sí títì nínú ìlú yìí tí kò fi ẹsẹ̀ wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ mọ́. Mo rán àdírẹ́sì wa sí ọrùn àwọn ẹ̀wù yẹn, kí ẹni tó bá rí i lè mú un wá. Mo fẹ́ rán sí òmíràn, ojú mi kò gbà mọ́. Láàárọ̀ yìí ló jáde. Kò tíì wọlé, kò sì sí nǹkan lára rẹ̀ tó lè sọ ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

 Ìyá Ọwọ́òdilẹ̀ rántí bébà tí wọ́n kọ "Èmi" sí. Ó wojú ọmọ rẹ̀. Òórùn aṣọ tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Títí dìgbà yẹn, ó ṣì lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i nínú ọgbà gẹdú. Wọ́n á máa wá bàbá náà kiri ìlú, bóyá wọ́n á rí i, bóyá wọn ò ní rí i. Ó ronú nípa ohùn tó dákẹ́ lórí igba ó lé mẹ́fà, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù kúrò.

"Èmi ni mo gé wọn," ló wí. "Kò tíì pé oṣù mẹ́fà, Màmá, irọ́ ni mo pa. Mo rí ohun tí wọ́n kọ, mo sì jó o. Mo mọ ibi tí bàbá wà. Wọ́n ń tẹ̀lé gáùn tí mo fi ẹ̀wù wọn rán, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀."

Arúgbó náà yíjú sí apá ibi tí ohùn náà ti wá.  Ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò na ọwọ́ sí i. "Wọ bàtà rẹ," ni ìyá wí. "Wọ gáùn yẹn náà. Bó bá jẹ́ òun ni bàbá ń tẹ̀lé, kó rí i."

Wọ́n lọ sí ọgbà gẹdú. Ọwọ́òdilẹ̀ ṣáájú, ìyá rẹ̀ sì di arúgbó náà lápá mú. Kùrukùru ti lọ, oòrùn ń jó pákó, síbẹ̀ ọ̀nà tóóró wọ̀nyẹn kò sàn fún un ju ti àárọ̀ lọ. Ó pe bàbá, kò sí ìdáhùn. Ó wá rò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ sókè. Ọ̀kan. Èjì. Nígbà tó kà dé mọ́kànlá, ohùn kan tó gbẹ kà á tẹ̀lé e láti ẹ̀yìn òkìtì kan: "Méjìlá."

Bàbá Awọnlẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín pákó méjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí síbi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ yí sí. Ètè rẹ̀ ti bó. Nígbà tó rí gáùn náà, ojú rẹ̀ tàn. "O pẹ́," ló wí. "Mo ti ń rò pé mi ò ní rí mi mọ́."

Egungun itan ló kán. Ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ pé bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, ì bá tún rìn. Ọwọ́òdilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Arúgbó náà gbọ́ ọ tán, ó nu gíláàsì rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Kò ní ṣìnà mọ́." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì ba Ọwọ́òdilẹ̀ lẹ́rù jù.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ padà délé, ìyá jókòó láàárín aṣọ aláṣọ. "Ẹ̀wù ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn ìhòòhò wọjà," ló wí. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń gbé fún mi láti tọ́jú? O rò pé aṣọ ni. Bí wọn ò bá lè gba ẹnu wa gbọ́, kí là ń fọ̀?" Ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ náà pa títí di òpin ọdún. Ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó wọlé, fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Àwọn kan kó aṣọ wọn lọ, wọn kò padà mọ́. Àwọn mìíràn dúró.

Ọwọ́òdilẹ̀ kó búláòsì márùn-ún àti gáùn lọ sí ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ó ní òun á tú wọn, òun á sọ wọ́n di ṣẹ́ẹ̀tì padà. Arúgbó náà fi ọwọ́ wá ojú ìránṣọ wọn, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ dáa," ló wí. "Àmọ́ ohun tí a bá ti gé, ó ti gé. Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Bó o bá fẹ́ ṣe nǹkan fún mi, máa wá ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó o jókòó ti ọkọ mi, kí n lè sùn fún wákàtí méjì. Mi ò tíì sùn láti bí ọdún mẹ́ta."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, bàbá wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wo ọmọbìnrin náà títí. "Ta ni ẹ́?"

"Ọmọ alágbàfọ̀ ni mí, sà. Èmi ni mo gé ẹ̀wù yín. Èmi ni mo fi yín sílẹ̀ nínú ọgbà gẹdú."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ojú bàbá náà yí padà, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ló bi í. "Jáde." Ó jáde, ó dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tó tún yọjú, bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Káàbọ̀," ló wí. "Ta ni ẹ́?"

Ó ti gbàgbé. Arúgbó náà ti sùn nínú yàrá kejì, èémí rẹ̀ ń lọ déédéé. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. Bí Ọwọ́òdilẹ̀ bá sọ pé ọmọ aládùúgbò ni òun, pé òun wá kí wọn ni, ìdúpẹ́ ni á gbọ́ títí wákàtí méjì á fi pé. Irọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó fúyẹ́, ó dùn, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ó fa àga súnmọ́ ibùsùn.

"Ọmọ alágbàfọ̀ ni mí, sà. Èmi ni mo gé ẹ̀wù yín."

Báyìí ló ṣe é fún ọdún kan àti oṣù méjì, títí bàbá náà fi kú sójú oorun. Gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń béèrè, gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì ń gbọ́ ọ bí ohun tuntun. Nígbà mìíràn á lé e jáde. Nígbà mìíràn á kọjú sí ògiri. Nígbà kan ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ó mà ti dùn ọ́ o, ọmọ mi," ọmọ náà sì sunkún. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ọjọ́ yẹn kò dé ọ̀sẹ̀ kejì, ó bá ọ̀rọ̀ tó kù lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ohun tí wọn kò bá tíì fún wa, ẹ jẹ́ ká béèrè ká tó fi àlùmọ́gàjí kàn án, nítorí ohun tó dà bí àkísà lójú wa lè jẹ́ òun ni ọ̀nà ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì ti ṣe àṣìṣe, kó tètè sọ ọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì lè mú ènìyàn délé. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ òtítọ́ nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n. Ọwọ́òdilẹ̀ kọ́ láti sọ ọ́ nínú yàrá tí kò sí ẹlẹ́rìí, fún ẹni tí kò ní rántí, ibẹ̀ ni ó sì ti di ẹni tí ènìyàn lè gbé aṣọ rẹ̀ fún.